Àpótí dúdú yí danfo mi ká lórí afárá: ṣé ẹ̀rọ máa ń fo píksẹ́lì lóòótọ́?

ỌmọBalógun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Géèmù 2D ni mò ń fi èdè C àti SDL2 (àkójọ kóòdù fún yíya àwòrán géèmù) ṣe: danfo ń sáré lórí Third Mainland Bridge, ọ̀sà wà lẹ́yìn, ilé Mákòkó wà lápá kan. Àwòrán danfo náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 96, ó sì ga ní 64. Gbogbo ibi tí kì í ṣe ara ọkọ̀ ni mo fi màgẹ́ńtà kùn, ìyẹn 255, 0, 255. Mo wá fi SDL_SetColorKey sọ fún un pé kó má kọ àwọ̀ yẹn.

Ohun tí mò ń rí rèé:

Bí mo bá gbé e síbẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, àwọn ẹ̀ṣọ́ màgẹ́ńtà kéékèèké ṣì ń yọ létí táyà. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ sí ìlọ́po kan ààbọ̀, gbogbo etí ọkọ̀ á di píǹkì. Mo tún dán an wò pẹ̀lú GDI, ẹ̀ka Windows tó ń ya àwòrán: BitBlt (àṣẹ tó ń da àwòrán kọ síbòmíràn) ẹ̀ẹ̀mejì, SRCAND (ó ń ṣe AND pẹ̀lú ilẹ̀) kí SRCPAINT (ó ń ṣe OR) tó tẹ̀ lé e. Ní tibẹ̀, àpótí dúdú ló yí danfo ká, omi ọ̀sà sì ń hàn gba inú ara ọkọ̀ bí ẹni pé yẹ́lò rẹ̀ ti pò mọ́ omi.

Ìbéèrè mi gan-an: kí ni ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó bá dé orí píksẹ́lì tí a ní kó má kọ? Ṣé ó ń fò ó ni? Gíláàsì fèrèsé ńkọ́, tí mo fẹ́ kí omi hàn fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀?

---

ÀgbàBlitter_Yaba

Àbúrò, kì í sábà fò ó. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń yàn ni èwo nínú méjì ni yóò kọ: èyí tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ, àbí èyí àtijọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Di ọ̀rọ̀ kan yìí mú, ọ̀pọ̀ ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn á yé ọ.

O mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún yà lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ yẹn ni ìbòjú, tí gbogbo wa ń pè ní mask, ń ṣe fún àwòrán. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé aró kò fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀kọ rárá, ṣùgbọ́n nínú mẹ́mọ́rì, báìtì kan ló kéré jù tí o lè fọwọ́ kàn. Níbi tí píksẹ́lì kan bá jẹ́ bíìtì kan, kò sí bó o ṣe máa yí bíìtì kan padà láìgbé méje yòókù pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílẹ̀, kó fi ìbòjú yàn láàárín méjèèjì, kó tó dá odindi báìtì náà padà. Èyí nìyí fún báìtì kan ṣoṣo, píksẹ́lì mẹ́jọ (AND ń fún ni ní 1 bí méjèèjì bá jẹ́ 1, OR bí ó kéré tán ọ̀kan bá jẹ́ 1, NOT ń yí 0 àti 1 padà):

```
ìbòjú              00111100
àwòrán             00101000
ilẹ̀                11010110

ilẹ̀ AND NOT ìbòjú  11000010
àwòrán AND ìbòjú   00101000
OR méjèèjì         11101010
```

Wo bíìtì méjì àkọ́kọ́ àti méjì tó gbẹ̀yìn: 11 àti 10, bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe padà. Ẹ̀rọ kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ló kọ.

Amiga, tó jáde ní 1985, ní ẹ̀yà kan nínú tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, blitter lorúkọ rẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ló fi ń kà, A, B àti C; ẹnu kan, D, ló fi ń kọ. O fi ìbòjú sí A, àwòrán sí B, ilẹ̀ sí C, o wá fún un ní nọ́ńbà báìtì kan tó sọ ohun tí yóò ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́jọ tí bíìtì mẹ́ta lè gbà tò. Kò sí ìdí láti há nọ́ńbà yẹn sórí. Kọ F0 fún A, CC fún B, AA fún C (nọ́ńbà hex, ìpìlẹ̀ 16, ni wọ́n), kó o ṣe ìṣirò kan náà lórí wọn: F0 AND CC jẹ́ C0, 0F AND AA jẹ́ 0A, OR méjèèjì, CA. CA ni wàá fi sínú BLTCON0, ibi tí blitter ti ń ka àṣẹ rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni Windows gbà ń ka àwọn iṣẹ́ 256 tó ní fún BitBlt, pátánù dípò A, orísun dípò B, ilẹ̀ dípò C, nítorí náà CA kan náà ló ń jẹ́ níbẹ̀. Ìṣirò yìí wù mí gan-an, torí bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí iṣẹ́ ìyàn kan tó o máa nílò láti bi ẹnikẹ́ni léèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni sísún. Amiga ń ṣiṣẹ́ ní ìdì bíìtì 16. Bí àwòrán rẹ bá fẹ̀ ní 16, tó o sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti píksẹ́lì 5, ó di 21, kò lè wọ inú ìdì kan mọ́. O ní láti fi ìdì kan kún fífẹ̀ blit, kó o fi 0000 sí BLTALWM (ìbòjú fún ìdì tó gbẹ̀yìn ìlà) kí ìdì tó gbẹ̀yìn má bàa mú ohun tí kì í ṣe ti àwòrán wọlé, kó o sì dín modulo (iye báìtì tí blitter ń fò láti òpin ìlà kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì) A àti B kù ní báìtì 2. Gbogbo bó o bá ṣe sún àwòrán ni kó o ṣe sún ìbòjú. Bí o bá sún B tó o gbàgbé A, ojú ihò á wà níbi kan, ọkọ̀ á wà níbòmíràn, wàá sì rí danfo tí wọ́n gé etí rẹ̀ lápá kan.

VGA ti 1987, káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà PC, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ní mode 12h, báìtì kan jẹ́ píksẹ́lì mẹ́jọ lórí plane (ìpele bíìtì) kọ̀ọ̀kan, plane sì jẹ́ mẹ́rin. Bit Mask wà ní index 8 lẹ́nu ọ̀nà 3CEh. Bíìtì tó bá jẹ́ 1 níbẹ̀, ọ̀dọ̀ CPU ló ti ń wá. Èyí tó bá jẹ́ 0, inú latch ló ti ń wá, ibi tí káàdì ń fi ohun tó kà kẹ́yìn pa mọ́ sí. Latch yìí, ìgbà tó o bá ka báìtì kan nínú mẹ́mọ́rì káàdì nìkan ló ń kún. Ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ ka àdírẹ́sì náà kó o tó kọ ọ́, kódà bí o kò bá fẹ́ lo ohun tó o kà. Ẹni tó bá fo kíkà yẹn, ohun tí latch rù láti ibòmíràn ni káàdì máa dà síbẹ̀: ìlà ojú ọ̀run á wá hàn nínú omi. Bó o bá rí i tí ẹ̀ka ibì kan ń yọ níbòmíràn ní ìdì píksẹ́lì mẹ́jọ-mẹ́jọ, latch ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ó kù sí ti GDI rẹ. Ìbòjú rẹ ti dojú dé. SRCAND fẹ́ ìbòjú tó dúdú níbi tí ọkọ̀ wà, tó funfun níta. Tìrẹ funfun níbi ọkọ̀, ó dúdú níta. AND pẹ̀lú dúdú ló pa ilẹ̀ rẹ́ níta, òun ni àpótí tó ò ń rí. AND pẹ̀lú funfun kò yọ omi kúrò lábẹ́ ọkọ̀, SRCPAINT wá da yẹ́lò lé omi lórí, òun ló fi pò. Yí ìbòjú padà. Kó o sì rí i pé ìta danfo dúdú pátápátá, 0, 0, 0, nínú àwòrán tí ò ń fún SRCPAINT. Bí màgẹ́ńtà bá ṣì wà níbẹ̀, OR á dà á lé ọ̀sà lórí.

Má ṣe BitBlt méjèèjì tààrà sójú fèrèsé. Láàárín SRCAND àti SRCPAINT, ihò dúdú kan wà tó ní àwòrán danfo, ojú á sì gán an. Ṣe é nínú memory DC (àwòrán inú mẹ́mọ́rì tí kò tíì hàn), kó o fi SRCCOPY (dída kọ bó ṣe wà) kan gbé e jáde.

---

Kóòdù_Ọ̀ṣòdì

Ẹ̀gbọ́n ti parí ti ẹ̀rọ. Mo fẹ́ mú etí táyà nìkan.

JPEG ni fáìlì yẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? JPEG ń ṣiṣẹ́ ní búlọ́ọ̀kù 8 × 8, ó sì máa ń ṣẹ́ àwọ̀ kù níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé. Màgẹ́ńtà rẹ lè ti di 253, 2, 251 létí táyà. Color key kò mọ "ó fẹ́ jọ ọ́". Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pé, kíkọ ni yóò kọ ọ́. Padà sí àwòrán ìpìlẹ̀, kó o gbé e jáde ní PNG tàbí BMP. Sísọ JPEG yẹn gan-an di PNG kò wo nǹkan kan sàn, torí ó ti bàjẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Nínú GIMP, Pencil ni kó o fi kun etí, kì í ṣe Paintbrush. Paintbrush máa ń po etí mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀, ó sì ń bí àwọ̀ àárín tí kì í ṣe yẹ́lò, tí kì í ṣe màgẹ́ńtà.

Nínú kóòdù, ètò ló ṣe pàtàkì:

```
Uint32 k = SDL_MapRGB(s->format, 255, 0, 255);
SDL_SetColorKey(s, SDL_TRUE, k);
SDL_Texture *t = SDL_CreateTextureFromSurface(r, s);
```

Bí o bá ṣe texture (àwòrán tó wà lọ́dọ̀ GPU, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán) kó o tó ṣe color key (àwọ̀ tí a ní kó má kọ), texture náà kò ní gbọ́ nípa rẹ̀. Má sì kọ 0xFF00FF lásán dípò SDL_MapRGB. Ní surface (àwòrán inú mẹ́mọ́rì) tó jẹ́ bíìtì 16, màgẹ́ńtà kì í ṣe nọ́ńbà yẹn, F81F ni ní 565 (bíìtì 5 fún pupa, 6 fún àwọ̀ ewé, 5 fún búlúù).

---

ỌmọBalógun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. JPEG ni lóòótọ́. Mo ti tún un gbé jáde ní PNG láti inú fáìlì GIMP, etí táyà ti mọ́. Mo yí ìbòjú GDI padà, àpótí ti lọ, omi kò sì hàn nínú ọkọ̀ mọ́.

Ohun méjì ló kù. Píǹkì yẹn kò tíì kúrò nígbà tí mo bá fẹ̀ ẹ́. Èkejì, lórí fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, mo lo OpenGL ES tààrà, shader mi (kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan) ní `if (c.a < 0.5) discard;` nínú. Bí danfo bá ti di 200 lójú kan, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo rò pé discard yẹ kó mú un yá ni, ṣebí kò kọ àwọn píksẹ́lì yẹn.

---

ÀǹtíShader

Àbúrò mi, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí píǹkì, torí àtúnṣe rẹ̀ ló máa ràn ọ́ lọ́wọ́ fún fèrèsé pẹ̀lú.

Nígbà tí SDL sọ color key di texture, ó sọ alpha (iye tó ń sọ bí píksẹ́lì ṣe hàn sí, 0 kì í hàn rárá) màgẹ́ńtà di 0, ṣùgbọ́n 255, 0, 255 ṣì sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí o kò bá fẹ̀ ẹ́, kò séwu. Bí o bá fẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú linear (ọ̀nà tó ń po píksẹ́lì ìtòsí pọ̀), GPU á mú píksẹ́lì tó wà nítòsí ara wọn, á pín wọn dọ́gba kó tó di pé alpha ṣiṣẹ́ kankan. Mú yẹ́lò danfo, 255, 204, 0, alpha 255. Mú màgẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, alpha 0. Àárín méjèèjì:

255, 102, 127, alpha 127.

Píǹkì rẹ rèé, ó sì ti gba ìdajì agbára láti hàn. Ìbòjú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jò.

Ọ̀nà tó dára jù ni kó o ti fi alpha sọ àwọ̀ di púpọ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní premultiplied. Píksẹ́lì tí alpha rẹ̀ bá jẹ́ 0 á di 0, 0, 0, 0. Àárín rẹ̀ pẹ̀lú yẹ́lò á wá jẹ́ 127, 102, 0, alpha 127, ìyẹn yẹ́lò danfo kan náà ní ìdajì agbára. Kò sí píǹkì níbì kankan. Ní OpenGL, yí blend (bí àwọ̀ tuntun ṣe ń pò mọ́ ti ilẹ̀) padà sí `glBlendFunc(GL_ONE, GL_ONE_MINUS_SRC_ALPHA)`. Bí o bá fi GL_SRC_ALPHA sílẹ̀ níbẹ̀, alpha á di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, etí ọkọ̀ á sì ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yíká. Ìlà dúdú yẹn ni kó o fi mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ lo ṣe.

Ní ìhà SDL, tí o kò bá fẹ́ fọwọ́ kan blend, fa yẹ́lò etí ọkọ̀ jáde ní píksẹ́lì 2 sínú ibi tí alpha ti jẹ́ 0. Nígbà tí o bá ń gbé PNG jáde nínú GIMP, fi àmì sí "Save color values from transparent pixels", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ GIMP lè pa àwọ̀ abẹ́ yẹn rẹ́. Ó tún kù, bí o bá fẹ́ kó rí bíi géèmù àtijọ́, lo "nearest" (píksẹ́lì tó sún mọ́ jù nìkan) dípò linear. Ṣùgbọ́n má fi ìlọ́po kan ààbọ̀ ṣe é o. 2 tàbí 3 ni. Ní kan ààbọ̀, ìlà dúdú ara danfo á nípọn níbì kan, á sì tín-ín-rín níbòmíràn.

Fún fèrèsé, color key kò lè ṣe é. Bíìtì kan ṣoṣo ni: kọ, tàbí má kọ. Gíláàsì fẹ́ àárín, nítorí náà alpha bíìtì 8 ni kó o lò. Alpha 90 sí 110 lórí àwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn dára lójú mi lórí omi ọ̀sà. Bó bá kọjá 150, bíi fèrèsé tí wọ́n fi tíǹtì dí ló máa rí.

Ó wá kan discard. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Yaba sọ lókè ṣì wà níbẹ̀, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. GPU kì í ṣe píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mẹ́rin mẹ́rin ló ń mú wọn, 2 × 2. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá discard, àyè rẹ̀ á wà lófo títí àwọn yòókù á fi parí, kò sí ẹni tó máa gba ibẹ̀. Ó sì ti ka texture ná kó tó mọ̀ pé òun yóò discard. Owó ti jáde lápò kó tó sọ pé òun kò ra ọjà.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ: bí shader bá ní discard nínú, GPU kò lè fọkàn sí i pé píksẹ́lì yìí yóò bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àfi tí shader bá ṣiṣẹ́ tán. Àwọn ọ̀nà àbùjá tó máa ń gbà láti yọ ohun tó farapamọ́ kúrò ṣáájú shader á bàjẹ́. Ó máa ń hàn gan-an lórí GPU fóònù, bíi Mali àti PowerVR, tó ń pín ojú fóònù sí táìlì kéékèèké. Lórí irú wọn, blend kì í fi bẹ́ẹ̀ náni lówó, torí ilẹ̀ tó fẹ́ kà wà nínú mẹ́mọ́rì táìlì lórí chip níbẹ̀, kò jáde lọ sí mẹ́mọ́rì ńlá. Nítorí náà yọ discard kúrò, kó o lo blend nìkan, kó o to danfo láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. O kò nílò depth (yíyẹ ohun tó jìnnà sí tó sún mọ́ wò) rárá fún géèmù yìí, pa á.

Wo iye iṣẹ́ náà fúnra ẹ. 96 × 64 jẹ́ 6,144. Danfo 200, 1,228,800 ní fireemu kan, nígbà tí ojú fóònù 1280 × 720 kò ju 921,600 lọ. Ò ń kun ju odindi ojú fóònù lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ òfìfo tí ẹnì kankan kò ní rí. Gé òfìfo yẹn kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ GPU: dípò igun mẹ́rin, fa ìlà igun mẹ́jọ tó sún mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, tríáńgù mẹ́fà ni yóò jẹ́. Igun mẹ́rin tó fi kún un kò tó nǹkan lójú GPU. Píksẹ́lì tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá ni kò ná an ní ohunkóhun. Má wá gé e di igun 40 o, torí létí tríáńgù kọ̀ọ̀kan, 2 × 2 yẹn máa ń ṣòfò.

Ohun kan kí n tó lọ. Bí o bá ń ronú láti fi glBlitFramebuffer (àṣẹ OpenGL tó ń da àwòrán kọ tààrà) ṣe é, má dánwò. Kò gba inú shader, kò mọ blend, kò mọ stencil (ìbòjú ti GPU). Scissor nìkan ló lè dá a dúró, igun mẹ́rin gbọọrọ sì ni scissor.

---

Ìdúmọ̀tàLED

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ so tèmi mọ́ ọn. Pátákó iná LED P10 oníàwọ̀ kan ni, 32 × 16, ti iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mò ń kọ lẹ́tà lé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn. Bí lẹ́tà bá bọ́ sí 0, 8 tàbí 16, ó dára. Níbòmíràn, iná ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà níbi tí kò yẹ. Kóòdù mi ń yí lẹ́tà padà torí pé 0 ló ń tan iná lórí pátákó yìí.

---

ÀgbàBlitter_Yaba

Ìyípadà yẹn gan-an ló fà á. Bí o bá ti yí lẹ́tà padà, òfìfo rẹ̀ di 1. Ṣùgbọ́n bí o bá wá sún un, 0 ni C ń fi dí àyè tó ṣí sílẹ̀, 0 sì ń tan iná lórí pátákó rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi dára ní 0, 8 àti 16: kò sí sísún níbẹ̀.

Yí àwòrán padà, má yí ìbòjú. Ìbòjú kò mọ nǹkan kan nípa iná. Ibi tí lẹ́tà ní ẹ̀tọ́ sí nìkan ló ń sọ. Ìlà kan lórí pátákó rẹ jẹ́ báìtì 4, pátákó kan sì jẹ́ 64. Fún x tó jẹ́ 13, báìtì 1 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, s á sì jẹ́ 5: bíìtì 3 lẹ́tà á wọ báìtì 1, 5 yòókù á wọ báìtì 2.

```
int s = x & 7;
uint8_t *p = ila + (x >> 3);
uint16_t m = (uint16_t)iboju << (8 - s);
uint16_t g = (uint16_t)(uint8_t)~leta << (8 - s);
g &= m;
p[0] = (p[0] & ~(m >> 8)) | (g >> 8);
if (s) p[1] = (p[1] & ~(m & 0xFF)) | (g & 0xFF);
```

`g &= m` yẹn ló ń gé gbogbo ohun tí sísún mú wọlé; AND tó kàn ìbòjú ló ń dá ẹ̀ṣọ́ padà bó ṣe wà. `if (s)` kò ní jẹ́ kó o kọ sí p[1] nígbà tí kò sí ohun tó kọjá síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ láti x 25 sókè, p[1] ti kúrò lórí ìlà yẹn, ìlà ìsàlẹ̀ ló máa bàjẹ́. Dá a dúró níbẹ̀ fúnra ẹ.

Kó o sì kọ báìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Bí o bá ṣe AND sínú buffer (mẹ́mọ́rì tí pátákó ń kà) kó o tó padà wá ṣe OR, interrupt (iṣẹ́ tó ń já wọ àárín kóòdù) tó ń tan pátákó lè bọ́ sí àárín méjèèjì. Lórí pátákó tí 0 ń tan iná, gbogbo àyè ìbòjú lẹ́tà yẹn á kọ mọ̀nà lẹ́ẹ̀kan kí lẹ́tà tó yọ, ẹni tó dúró lódìkejì títì á rí i.